Irin Tí Kò Dé Ọ̀fun

"Ó dì í mú!"

Haneefah ló pariwo bẹ́ẹ̀ nínú láàbù tí òun nìkan wà, ó sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tí ìyá rẹ̀ wà nítòsí. Iná búlúù ń tàn lábẹ́ jẹ́ẹ̀lì tó wà níwájú rẹ̀. Jẹ́ẹ̀lì náà rọ̀, ó ń dán, kò yàtọ̀ sí ẹ̀kọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Nínú ihò àkọ́kọ́, níbi tí kò fi irin sí, okùn àbùdá kòkòrò àrùn kan, okùn tí àwọn oníwèé ń pè ní DNA, ti sáré dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Nínú ihò kejì, níbi tó fi irin sí, okùn náà dúró sókè gbagidi. Kò lè sáré, nítorí nǹkan kan ti dì mọ́ ọn lára. Nǹkan náà ni purotéènì tí Haneefah ti ń bá fa wàhálà láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré o. Purotéènì yìí kò lè di nǹkan kan mú bí kò bá sí irin lọ́wọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ irin gan-an sì ni oníyọnu. Kí èèyàn tó pò ó tán, afẹ́fẹ́ ti kàn án, ó ti dógùn-ún, ó ti di aláìwúlò. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni Haneefah ti pò ó tó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, tó sì jókòó sórí àpótí tó ń sunkún. Lónìí ló wá rọ́nà fi gáàsì lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú ìgò pátápátá kó tó po irin náà. Ẹ wá wo bó ṣe rí! Ó ya fọ́tò rẹ̀, ó tún un yà, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé.

Kòkòrò tó ni purotéènì yìí kì í ṣe kòkòrò rere. Òun ló ń fa dìfitéríà, àrùn tó ń dí àwọn ọmọdé lọ́fun. Bí irin bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀, purotéènì á di okùn àbùdá mú níbi tí àṣẹ oró wà, oró kankan kò sì ní jáde. Bí irin bá wọ́n, ọwọ́ purotéènì á tú, kòkòrò náà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í da oró sára ẹni tó wọ̀ sí lára. Gbogbo iṣẹ́ Haneefah kò ju kó mọ bí ọwọ́ náà ṣe ń dì í mú àti bó ṣe ń tú lọ.

Ibi tó ti ń wo fọ́tò ni fóònù ti dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Lateefah, ìyá Fatihah, ló ń pè láti Fìdítì.

"Haneefah, ara Fatihah ò yá o. Ọrùn ẹ̀ wú. Nǹkan kan bo inú ọ̀fun ẹ̀, àwọ̀ ẹ̀ bí eérú. A wà ní ọsíbítù. Dókítà ní àrùn tí ìwọ ń kàwé nípa ẹ̀ yẹn ni."

Haneefah tẹ fóònù mọ́ etí. Ó wá àpótí jókòó.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, Àǹtí mi?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Ṣùgbọ́n má fòyà. Ohun tí o kọ́ wa la ti ń ṣe látìgbà yẹn."

"Kí ni mo kọ́ yín?"

Fóònù ti já. Ó pè padà, kò wọlé. Ó gbé báàgì kọ́ apá, ó jáde, kò rántí pa iná búlúù náà.

Láti Ọ̀jọ́ọ̀ títí tí bọ́ọ̀sì fi kọjá Mọ́níyà, fóònù kò kúrò ní etí rẹ̀. Oògùn méjì ni àrùn yìí ní. Èyí tó ń pa kòkòrò kò wọ́n, kò sí ọsíbítù tí kò ní í. Oògùn kejì ni ìṣòro, èyí tó ń gbá oró kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó ráyè wọ ẹran ara. Haneefah pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ apòògùn, ìyẹn ní ó ti tán. Ó pe òmíràn, ìyẹn ní òun ò tíì fojú rí i rí. Ó pe ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì, ọ̀gá ní òun á pe àwọn kan ní Àbújá, kí ó fọkàn balẹ̀. Ọkàn wo ló fẹ́ balẹ̀?

Ó gbé orí lé fèrèsé bọ́ọ̀sì. Ó mọ kòkòrò náà ju bó ṣe mọ àwọn aládùúgbò rẹ̀ lọ. Ó mọ ibi tí purotéènì ti ń fi ọwọ́ kan okùn náà, ó mọ iye irin tó ń fẹ́, ó mọ nǹkan tó ń bí i nínú. Kò sì sí ọ̀kan nínú gbogbo ohun tó mọ̀ tó ṣe é rọ sínú ṣíbí fún ọmọ mu. Obìnrin tó jókòó tì í bi í bóyá orí ló ń fọ́ ọ. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Ọsíbítù náà kò tóbi. Wọ́n ti gbé Fatihah sí yàrá ẹ̀yìn, òun nìkan, nítorí àrùn náà ń ràn. Nọ́ọ̀sì fún Haneefah ní ìbòmú kó tó jẹ́ kó wọlé.

Háà! Ọmọ tó máa ń sáré jáde lọ pàdé rẹ̀ ní títì ló dùbúlẹ̀ báyìí, tí ọrùn rẹ̀ wú dé ìdí etí, tí èémí rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́ igi lókèèrè. Wọ́n ti fa omi sí i lára. Ó la ojú.

"Àǹtí Ìbàdàn," ló wí. Ohùn kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́.

"Èmi ni, ìyá mi. Má sọ̀rọ̀."

Dókítà Adéníyì, ọ̀dọ́kùnrin tí àìsùn ti sọ ojú rẹ̀ di pupa, pè é sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní àwọn ti fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń pa kòkòrò. Ó ní oògùn aporó kò sí lọ́wọ́ àwọn, àwọn ti pe àwọn elétò ìlera ìjọba ìbílẹ̀ ní Jóbẹ́lẹ̀, Ṣàfíù, bàbá ọmọ náà, sì ti gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀ kí wọ́n má baà gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ náà kò pé. Àsìkò tó yẹ kó gba ìyókù ni àwọn nọ́ọ̀sì yan iṣẹ́ lódì, nígbà tó yá, gbogbo ilé gbàgbé.

"Àárọ̀ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá," ni dókítà wí. "Ká ní wọ́n tètè gbé e wá ni..."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Haneefah padà wọlé pẹ̀lú ìbéèrè lẹ́nu: kí ló dá wọn dúró sílé? Lateefah kì í ṣe ẹni tó ń fi ọmọ ṣeré. Bí Fatihah bá sín, ilé oògùn ló ń lọ. Àfi bí ojú rẹ̀ ṣe bọ́ sórí tábìlì. Ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀ kan ló wà níbẹ̀, èyí tó pupa bí osùn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣíbí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Òun la ti ń fún un," ni Lateefah wí, ó sì gbé ìgò náà sókè kí àbúrò rẹ̀ lè rí i dáadáa. "Ṣíbí kan láàárọ̀, ṣíbí kan nírọ̀lẹ́. Mo tún ń pò ó mọ́ ẹ̀kọ mímu ẹ̀. Mo bi onílé oògùn kí n tó rà á o. Mo ní, ṣé irin wà nínú ẹ̀? Ó ní irin ló kún inú ẹ̀. Mo ní ohun tí mò ń wá nìyẹn."

Haneefah wo ìgò náà. Ó rántí.

Ọdún Iléyá tó kọjá ni, ní ilé ìyá wọn. Aránṣọ ni Lateefah. Ó ń fi máṣíìnì parí aṣọ ọdún ẹnìkan tó ń dúró, ó sì ń da ìbéèrè bo àbúrò rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Lateefah kò kàwé jìnnà, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. "Kí lo tiẹ̀ ń ṣe gan-an ní láàbù yẹn? Ṣàlàyé ẹ̀ kó yé mi." Inú Haneefah dùn. Ó fọwọ́ kan ẹsẹ̀ máṣíìnì náà, irin tó máa ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ wò ó, Àǹtí mi. Purotéènì mi nìyí. Bí irin bá wà, ẹsẹ̀ yìí á wálẹ̀, á tẹ okùn mọ́lẹ̀ débi tí kò ní lè yọ, kòkòrò náà ò ní lè rán oró kankan. Bí irin bá ti tán, ẹsẹ̀ á gbéra, ó di kó máa rán oró lọ ràì." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Ìyá wọn ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Lateefah dá máṣíìnì dúró. Ó ní, "Irin lásán? Irin ló ń ká a lọ́wọ́ kò?" Haneefah rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó ní bẹ́ẹ̀ ni! Kò sọ pé inú ìgò láàbù ni òun ń wí. Kò sọ pé ara èèyàn fúnra rẹ̀ ló ń fi irin pamọ́ kí kòkòrò má baà rí i, pé bí èèyàn bá mu odidi ìgò oògùn ẹ̀jẹ̀, inú ló ń lọ, kò ní fi ohunkóhun sílẹ̀ nínú ọ̀fun fún purotéènì kankan. Kò sẹ́ni tó bi í. Àlàyé náà ti dùn jù, ẹran ọdún sì ti jinná.

Ìdí tí wọ́n fi jókòó sílé nìyẹn. Wọn ò jókòó nítorí àìbìkítà. Wọ́n ní ẹnìkan nílé tó mọ àrùn náà tinú tẹ̀yìn, ohun tó sì sọ ni wọ́n ń ṣe, wọ́n ń ṣe é déédéé, wọ́n ń dúró kí ẹsẹ̀ máṣíìnì wálẹ̀.

"Kí ló dé?" ni Lateefah wí. Ó dì mọ́ ọn lọ́rùn. "Má sunkún. Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n ṣe tó ní kí o kọ́ iṣẹ́ yìí. Bí kì í bá ṣe ìwọ ni, ta ló mọ ibi tí ọmọ yìí ì bá wà báyìí?"

Haneefah ní, "Àmín," èyí tí kò bá ọ̀rọ̀ náà mu rárá. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á sọ ọ́ tí gbogbo rẹ̀ bá rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun ò ní sọ ọ́ láéláé. Ta ló fẹ́ ṣe lóore? Ọjọ́ tó ti lọ ti lọ.

Wọ́n jókòó. Oòrùn yí kúrò lójú fèrèsé. Lateefah ń fi aṣọ tútù nu iwájú orí ọmọ, ó ń ka dúà lábẹ́lẹ̀. Haneefah ń pe fóònù. Ọ̀gá rẹ̀ kò gbé e mọ́.

Ọ̀sán ti ń lọ nígbà tí ẹnìkan lu fèrèsé láti ìta. Ìyá Jùwọ́nlọ ni, aládùúgbò Lateefah, ìyàwó wòlíì ìjọ aláṣọ funfun tó wà ní òpópónà wọn. Nọ́ọ̀sì kò jẹ́ kó wọlé, ló bá gba ẹ̀yìn ilé wá.

"Ìyá Fatihah, ẹ kú ìrọ́jú o. Ọlọ́run á dá sí i. Ara ọmọ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, mà. Ó ń gbìyànjú."

Ìyá Jùwọ́nlọ rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọ̀fun ń dun Jùwọ́nlọ náà láti àná. Ẹ sì mọ̀ pé ìjókòó kan náà làwọn méjèèjì ń jókòó sí ní ilé ìwé. Àyà mi ń já. Kí lẹ lò fún Fatihah?"

Ojú Lateefah tàn. Láti àárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó dìde, ó mú ìgò náà, ó nà án gba ojú fèrèsé.

"Ẹ gba èyí ná, ó ku díẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ fún un ní ṣíbí kan nísinsìnyí, ṣíbí kan nírọ̀lẹ́. Ẹ má tíì jẹ́ kí àyà yín já. Irin inú ẹ̀ ló ń dè é mọ́lẹ̀. Mi ò dédé sọ ọ́ o, àbúrò mi rèé, òun ló ń kàwé àrùn yẹn ní Ìbàdàn."

Àwọn obìnrin méjèèjì yíjú sí Haneefah. Ìyá Jùwọ́nlọ ti gba ìgò náà. Ó dì í mú ṣinṣin, ó ń dúpẹ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí ó bá dákẹ́, ọmọ kejì nìyẹn. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ìṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló máa ti sọ ọ́. Haneefah wo Fatihah, ó wo ilẹ̀.

"Ẹ má fún un, mà," ló wí.

Lateefah rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Kí lò ń sọ?"

"Kò ṣiṣẹ́. Kò lè débi tí kòkòrò náà wà. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ lọ gbé Jùwọ́nlọ wá nísinsìnyí. Abẹ́rẹ́ tó máa gbà wà níbí. Bí ẹ bá tètè gbé e wá, oró náà kò ní tíì pọ̀ lára ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà, "tètè", ti jáde kó tó mọ ohun tó sọ. Ìyá Jùwọ́nlọ wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Ó rọra gbé ìgò náà lé ojú fèrèsé, ó ṣẹ́ ìró rẹ̀ sókè, ó sì sáré. Wọ́n gbọ́ tó ń ké sí ọlọ́kadà.

Lateefah jókòó padà. Ó fa aṣọ tó bo ẹsẹ̀ ọmọ, ó tún un ṣe, ó tún fà á.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Láti ìgbà tí mo ti dé, Àǹtí mi. Nígbà tí mo rí ìgò yẹn."

"Tí mò ń dì mọ́ ọ, tí mò ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

"Kí ló dé tí o ò fi mí sílẹ̀, kí n máa rò pé mo ṣe nǹkan kan fún ọmọ mi?"

Kò pariwo. Ká ní ó pariwo ni, ì bá sàn. Haneefah ní, "Nítorí Jùwọ́nlọ ni."

"Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé nítorí Jùwọ́nlọ ni." Ó yí ẹ̀yìn sí i. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára ọmọ. Haneefah fẹ́ sún mọ́ ọn, kò gbójú. Inú ara rẹ̀ bí i, ìwé tó kà bí i nínú, fọ́tò tó yà láàárọ̀ bí i nínú jù.

Kò pẹ́ tí ọ̀kadà fi dé. Láti yàrá kejì ni wọ́n ti gbọ́ ohùn Jùwọ́nlọ, tó ń sọ pé òun ò gba abẹ́rẹ́, pé òun fẹ́ lọ sílé. Ó ń fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀. Ìgbà tí abẹ́rẹ́ wọlé, ó figbe ta, igbe gidi, igbe ọmọ tí ọ̀fun rẹ̀ ṣì là. Nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín, ó ń pè é ní ọkọ mi. Lateefah fetí sí ẹkún náà títí ó fi tán.

"Ohùn ẹ̀ ròkè," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí mi."

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ṣàfíù pè láti Jóbẹ́lẹ̀. Ohùn ayọ̀ ló ń sọ jáde. Wọ́n ti rí oògùn náà! Ó wà ní Ìbàdàn, wọ́n máa gbé e bọ̀ lọ́la, wọ́n ti ṣèlérí. Lateefah ní, "Alhamdulillah," ó pa fóònù, ó sì wo àbúrò rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Ìyá Jùwọ́nlọ ti lọ.

Ẹnu ìyẹn ni wọ́n wà tí Dókítà Adéníyì fi wọlé. Ó gbé ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àyà lé àyà Fatihah. Ó gbọ́ ọ pẹ́. Ó sún un sápá ọ̀tún, ó tún gbọ́ ọ. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bá Haneefah sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́, bíi ti oníwèé sí oníwèé, kò sì wo ojú ìyá ọmọ kó tó jáde.

Haneefah gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọkàn ọmọ náà ti ń lù ségesège. Oró tó ti wọ ẹran ara, kò sí oògùn tó ń fà á jáde, ì báà jẹ́ èyí tó ń bọ̀ lọ́la.

"Kí ló wí?" ni Lateefah bi í. "Ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, bó o ṣe máa ń ṣàlàyé."

Haneefah la ẹnu. Ó ti mọ́ ọn lára láti wá nǹkan tí yóò fi ọ̀rọ̀ wé, ojú rẹ̀ sì ti ń wá a kiri yàrá: okùn omi tó ń kán, fèrèsé, ilẹ̀kùn. Ó dá ojú dúró. Kò fẹ́ fi ohunkóhun wé e.

"Oró náà ti dé ọkàn ẹ̀, Àǹtí mi. Oògùn ọ̀la lè má bá a."

Lateefah mi orí díẹ̀díẹ̀. Haneefah ń retí ìbéèrè tó kàn, nítorí kò sí ìgbà tí ìbéèrè kì í tẹ̀lé ìbéèrè lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò sí èyí tó wá. Lateefah bọ́ bàtà, ó gun bẹ́ẹ̀dì, ó rọra sùn ti ọmọ rẹ̀ kí ó má baà kan okùn omi.

"Wá sí apá kejì," ló wí, láìgbé orí sókè. "Kì í fẹ́ kí ẹ̀yìn òun ṣófo tó bá ń sùn."

Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti fẹ́ kí Haneefah ṣe láti àárọ̀, èyí nìkan ni agbára rẹ̀ ká. Ó sùn sí apá kejì, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn Fatihah, ó sì ń bá a ka èémí náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.